Ìmọ́lẹ̀ Tó Wọlé Kí Àwòrán Tó Jinná

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ṣí ilẹ̀kùn. Inú òkùnkùn ni mo jókòó sí, mò ń ka ìṣẹ́jú àáyá lẹ́nu. Ọwọ́ ọ̀tún mi di etí nẹ́gátíìfù mú, tòsì di bébà tó lẹ̀ mọ́ ọn mú. Ìṣẹ́jú àáyá 15 ni fíìmù náà ń fẹ́ kí a tó ṣí i. Mo ti kà dé 8 nígbà tí ilẹ̀kùn dún. Ọwọ́ mi gbọ̀n, bébà méjèèjì ya kúrò lára wọn, ìmọ́lẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì dà lé mi lọ́wọ́ bí ẹni da omi.

"Áà, má bínú o, àbúrò mi. Mi ò mọ̀ pé inú òkùnkùn lo wà."

"Kò sí nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn náà padà."

Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Ọkàn mi ti sọ fún mi pé ó ti bàjẹ́. Àwòrán ẹ̀gbọ́n mi yìí kan náà ni mo yà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, pẹ̀lú ògiri tó ṣókùnkùn lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí tí mo fi wọ inú òkùnkùn láti ṣí i ni pé mo fẹ́ kí nẹ́gátíìfù náà yọ láìlábàwọ́n, nítorí nẹ́gátíìfù FP-3000B, fíìmù dúdú-àti-funfun tí mò ń lò, kì í fara da ìmọ́lẹ̀ nígbà tó bá ṣì tutù. Mo wo bébà àwòrán, ó ṣì ṣá bí ẹni tí àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, kò ní dúdú kankan lára. Mo fi nẹ́gátíìfù náà sílẹ̀ lórí tábìlì, mo jáde.

Nígbà tí mo padà dé, ó ti gbẹ. Mo gbé e sún mọ́ gílóòbù kí n lè wò ó dáadáa kí n tó sọ ọ́ nù, mo bá dúró. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lára rẹ̀, ìlà funfun, ó bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ etí ẹ̀gbọ́n mi, ó tẹ̀ lé eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn bọ̀ dé àgbọ̀n, ó sì gòkè lọ ní ìhà kejì. Ojú wọn dúdú bó ṣe yẹ kó dúdú nínú nẹ́gátíìfù, níbi tí ohun tó mọ́lẹ̀ ti ń dúdú, tí ohun tó dúdú sì ń funfun. Ṣùgbọ́n ògiri tó yẹ kó funfun náà ti dúdú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ojú wọn dọ́gba. Láàárín dúdú méjì yìí ni ìlà funfun yẹn gbà kọjá, bí ipa ọ̀nà láàárín igbó.

Mo gbé e sórí sikánà, mo yí i padà, kí dúdú di funfun, kí funfun di dúdú. Ojú ẹ̀gbọ́n mi mọ́lẹ̀, ògiri di eérú, ìlà náà sì di dúdú kirikiri, bí ẹni pé ọ̀gá ayàwòrán kan fi pẹ́ńsù tọ ojú wọn. N kò rí irú rẹ̀ rí nínú iṣẹ́ ọwọ́ mi. Látọjọ́ náà ni mo ti ń lé ìlà yẹn kiri.

Fún ẹni tí kò bá mọ irú fíìmù tí mò ń sọ: èyí tí àwọn ayàwòrán ń pè ní wait-and-get ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yà rẹ̀ àtijọ́, èyí tí a máa ń fà yọ lára kámẹ́rà, tí a óò dúró dè, tí a óò wá ṣí sí méjì bí ìwé tó lẹ̀ pọ̀. Edwin Land, ará Amẹ́ríkà tó dá ilé-iṣẹ́ Polaroid sílẹ̀, ló dá a sílẹ̀. Ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ ni pé lọ́dún 1943, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, bi í léèrè pé kí ló dé tí òun kò lè rí fọ́tò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ya òun lójú ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ 21, oṣù kejì, ọdún 1947, ó dúró níwájú àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní New York, ó ya ara rẹ̀, ó sì ṣí fíìmù náà lójú wọn. Láti ọjọ́ yẹn wá, bébà tó ní àwòrán ni gbogbo ayé ń tọ́jú. Nẹ́gátíìfù, inú ike ìdọ̀tí ló ń lọ. Èmi náà ti sọ púpọ̀ nù kí n tó mọ ohun tí mò ń sọ nù, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín bébà méjèèjì yẹ lọ́rọ̀, nítorí ibẹ̀ ni àṣírí ìlà mi wà. Iyọ̀ fàdákà ló kún ara nẹ́gátíìfù, òun ló rí ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà. Bébà kejì kò rí ìmọ́lẹ̀ kankan, ó kàn ń dúró ni. Àpò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí oògùn wà nínú rẹ̀, oògùn tó ki bíi lẹ́ẹ̀. Bí a bá ti fa fíìmù gba àárín róólà méjì kọjá, àpò náà á bẹ́, oògùn á tàn ká láàárín bébà méjèèjì. Iṣẹ́ méjì ni oògùn yìí ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti kan fíìmù, ó ń sọ iyọ̀ ibẹ̀ di fàdákà dúdú, fàdákà yẹn ò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò kàn, ó ń yọ́ iyọ̀ ibẹ̀, iyọ̀ náà á sì sọdá sórí bébà kejì, ibẹ̀ ni yóò ti wá di dúdú. Ohun tó ń sọdá ni òjìji. Dúdú irun ẹ̀gbọ́n mi, dúdú ògiri ẹ̀yìn wọn, gbogbo rẹ̀ ló ń kó ẹrù láti ìhà kan lọ sí ìhà kejì láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15 péré. Inú ohun tí ìmọ́lẹ̀ kò fọwọ́ kàn ni a ti ń rí àwòrán tí à ń fi ṣàfihàn. Mo ti mọ èyí látọjọ́ pípẹ́, kò sì tíì sú mi rí.

Wàyí o, bí a bá ṣí i ní 8 dípò 15, òjìji kò tíì kó tán. Apá kan ti sọdá, ìdí nìyẹn tí bébà àwòrán fi ṣá. Apá kan ṣì wà lórí nẹ́gátíìfù, iyọ̀ tí kò tíì rí ìmọ́lẹ̀ rí, tí oògùn sì ṣì tutù lé lórí. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá a níbẹ̀. Oògùn tó ń bọ̀ wá yọ́ ọ kúrò wá sọ ọ́ di dúdú níbi tó wà. Bí ògiri ṣe dúdú nìyẹn.

Solarization ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é, orúkọ yẹn kò sì tọ̀nà tán. Solarization gan-an ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kámẹ́rà nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ jù tó bẹ́ẹ̀ tí fíìmù á fi kọ̀ láti dúdú mọ́, tí á wá máa padà sẹ́yìn. Ansel Adams, ayàwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ya irú rẹ̀ kan lọ́dún 1939 ní California: oòrùn tó wà nínú àwòrán náà dúdú bí èédú, lókè odò kékeré kan tó ń dán. Ìmọ́lẹ̀ àpọ̀jù ló ṣe é. Tèmi yàtọ̀ sí i. Tèmi jẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó dé nígbà tí oògùn ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Armand Sabattier, sì ti ṣàlàyé rẹ̀ láti ọdún 1862, nígbà tí orí gíláàsì ni wọ́n ṣì ń ya àwòrán. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú máa ń lo orúkọ rẹ̀. Nínú àròkọ yìí, solarization ni màá máa pè é, torí òun ló yá lẹ́nu gbogbo wa.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1929 ní Paris, Lee Miller, obìnrin ayàwòrán kan, ń bá Man Ray, ayàwòrán bíi tirẹ̀, ṣiṣẹ́ pọ̀. Miller ròyìn pé òun wà nínú yàrá òkùnkùn nígbà tí nǹkan kan sáré gba orí ẹsẹ̀ òun kọjá, ó ní bóyá eku ni, òun sì fi ìbẹ̀rù tan iná. Nẹ́gátíìfù wà nínú oògùn lákòókò náà. Nígbà tí wọ́n wo ohun tó jáde, ìlà dúdú ló yí ara ẹni tí wọ́n yà ká. Àwọn méjèèjì jọ mú u, wọ́n jọ kọ́ bí a ṣe ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n orúkọ Man Ray nìkan ni ayé fi ń pè é fún ọdún pípẹ́. Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọwọ́ Miller ló tan iná. Bí mo bá ń fi àwòrán àkọ́kọ́ yẹn han ènìyàn, mo máa ń sọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ló ṣí ilẹ̀kùn.

Ìlà náà ní orúkọ tirẹ̀: ìlà Mackie. Fún nǹkan bí oṣù kan, òun ni mò ń rò bí mo bá dùbúlẹ̀ lálẹ́, pé báwo ni ìmọ́lẹ̀ tó kan gbogbo fíìmù bákan náà ṣe wá mọ ibi tí ojú ènìyàn parí sí. Ìmọ́lẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Oògùn ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tí iyọ̀ fàdákà bá ń di fàdákà, ó máa ń tú bromide sílẹ̀, iṣẹ́ bromide sì ni láti máa fa oògùn sẹ́yìn, kó má bàa yára jù. Níbi tí ojú ẹ̀gbọ́n mi wà, iyọ̀ púpọ̀ ló ti di fàdákà, nítorí náà bromide kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Kì í dúró sójú kan, ó ń yọ́ rìn lọ sí apá ògiri tí kò tíì sí bromide níbẹ̀. Kò lè rìn jìnnà láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ó kàn dé etí ni, ó ta sódì kejì díẹ̀. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kejì wá dé, tí gbogbo ògiri fẹ́ dúdú, etí yẹn nìkan ni kò lè tètè dúdú, torí bromide ti ṣáájú oògùn débẹ̀. Ohun tí à ń rí bí ìlà ni ibi tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti bá iṣẹ́ kejì wí pé kó dúró ná.

Ìdí rèé tí kò fi sí bí kọ̀ǹpútà ṣe máa ṣe é tó máa wọ̀ mí lọ́kàn. Bọ́tìnnì wà fún un nínú ọ̀pọ̀ áàpù, mo ti tẹ̀ ẹ́, mo ti wò ó. Yóò yí dúdú padà sí funfun níbi tí a bá ní kó yí i, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ibi tí àwọ̀ wọn bá dọ́gba ni yóò ṣe bákan náà sí. Kò mọ̀ pé àgbọ̀n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Nínú fíìmù, ohun kan gbéra láti ara àgbọ̀n lọ sí ara ògiri ní tòótọ́, kò ju ìwọ̀n fọ́nrán irun lọ, àmọ́ ó gbéra.

Mo ní páálí FP-3000B mẹ́ta nígbà náà, bébà mẹ́wàá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fujifilm ti dá a dúró láti ọdún 2013, èyí tí mo ní sì ti kọjá ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i lára. Mo pinnu pé páálí kan yóò lọ fún ìdánwò láì ka iye tó bá bàjẹ́ sí. Ẹ̀gbọ́n mi gbà láti jókòó. Wọ́n jókòó fún ọ̀sán mẹ́rin, lórí àga kan náà, pẹ̀lú yẹtí kan náà, wọn kò sì bi mí rí pé ìgbà wo ni yóò parí. Bí mo bá ya ọ̀kan, mo máa fa fíìmù náà jáde, mo máa sáré wọ yàrá òkùnkùn, mo máa ka, mo máa ṣí i. Ara bébà méjèèjì kò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé títí a óò fi ṣí i, nítorí náà kò sí wàhálà nínú sísáré yẹn, àfi àkókò tó ń lọ. Kò sí iná pupa tí a lè tàn pẹ̀lú irú fíìmù yìí, gbogbo àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ló ń rí. Òkùnkùn biribiri ni a fi ń ṣí i.

Ní ìṣẹ́jú àáyá 3, gbogbo rẹ̀ di dúdú. Ojú kò tíì fìdí múlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kejì sì bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀. Ní 12, bí ẹni pé n kò tan nǹkan kan, òjìji ti kó lọ tán, kò kù síbẹ̀ ohun tí ìmọ́lẹ̀ máa bá sọ̀rọ̀. Láàárín 6 sí 9 ni ayé wà. Ó dà bí ìgbà tí a bá ń wá ìkànnì lórí rédíò àtijọ́: ariwo, ariwo, lẹ́yìn náà ohùn kan á là bọ́ sílẹ̀, ìka á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè dúró lójú rẹ̀. Bí yàrá bá gbóná, àyè náà á sún síwájú, torí oògùn ń yára nínú ooru. Lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀ tí ilé tutù, 9 ni mo tó rí ohun tí mo ti ń rí ní 7.

Ìmọ́lẹ̀ náà ní ìwà tirẹ̀. Mo kọ́kọ́ lo gílóòbù orí àjà, ó le jù, ìlà ń yọ ṣùgbọ́n ojú ń kú, kò sí ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí mọ́. Mo wá mú tọ́ọ̀ṣì, mo fi bébà funfun dí ojú rẹ̀, mo kọjú rẹ̀ sí àjà kí ìmọ́lẹ̀ tó padà wálẹ̀ nìkan ló máa kan fíìmù. Ìṣẹ́jú àáyá kan, mo pa á. Lẹ́yìn náà mo fi nẹ́gátíìfù sílẹ̀ nínú òkùnkùn fún ìṣẹ́jú kan gbáko kí oògùn tó kù lára rẹ̀ parí iṣẹ́, mo wá fi omi tútù ṣàn án díẹ̀díẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ fi ìka kàn án nígbà yẹn, ara rẹ̀ rọ̀ bí ara ọmọ tuntun. Mo padánù méjì síbi ìka. Ìbọ̀wọ́ sì ṣe pàtàkì fún ìdí mìíràn: oògùn yẹn máa ń jó ara.

Bébà keje ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ṣí i ní 7, tọ́ọ̀ṣì fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìlà yí ojú ká, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe retí. Ṣùgbọ́n yẹtí ẹ̀gbọ́n mi, òrùka wúrà kékeré tó gba ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, gba ìlà tirẹ̀. Òrùka kan wà nínú òrùka, ọ̀kan mọ́lẹ̀, ọ̀kan dúdú yí i ká lóde, ọ̀kan dúdú tún tò sí inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò sì tó orí ìka. Mo fi awò kékeré wò ó títí ojú fi ń ta mí. Lára irun iwájú etí, níbi tí irun kọ̀ọ̀kan ti ya sọ́tọ̀, ìlà náà gbìyànjú láti tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣe é fún bíi mẹ́ta, ó rẹ̀ ẹ́, ó bá wọn pọ̀ di ẹyọ kan. N kò lè yà á. Kò sí ọwọ́ tó lè yà á.

Ohun tí mo sì kọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo nǹkan ló gba irú ìmọ́lẹ̀ yìí. Mo gbé igi kan tó kún fún ewé síwájú kámẹ́rà, ìlà yọ lára gbogbo ewé, ojú kò mọ ibi tó máa sinmi sí. Ibi tí etí bá pọ̀ jù, kò sí etí mọ́. Ohun tí ara rẹ̀ tẹ́jú, tó mọ́lẹ̀, tó sì dúró níwájú òkùnkùn gbòòrò, òun ló ń jẹ ẹ́: ojú, ọrùn, ìkòkò, ẹsẹ̀ tí a ká sókè lórí àga. Mo sì ti rí àwọn tó ń ṣe é sí gbogbo àwòrán wọn bí ẹni fi ọ̀dà kùn ún. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí àwòrán kò bá ní ohun tó ń sọ kí ìmọ́lẹ̀ kejì tó dé, ìlà kò lè sọ ọ́ fún un.

FP-100C, èyí tó ní àwọ̀, gba sùúrù mìíràn. Fujifilm kéde ìdádúró rẹ̀ lọ́dún 2016. Nẹ́gátíìfù rẹ̀ ní dúdú kan lẹ́yìn tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, bílíìṣì ni a fi ń bọ́ ọ kúrò. A ó fi téèpù lẹ ìhà àwòrán mọ́ gíláàsì, a ó dí etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáadáa, a ó wá da bílíìṣì tó ki sí ẹ̀yìn rẹ̀, a ó máa rọra fi búrọ́ṣì pa á títí dúdú á fi máa ṣí bí ẹrọ̀fọ̀. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí bílíìṣì pàdé ásíìdì tàbí amóníà láéláé, afẹ́fẹ́ tó ń tibẹ̀ jáde lè pa ènìyàn. Ìṣẹ́jú méjì ni fíìmù yìí ń fẹ́, nítorí náà àyè wà láti ronú. Mo ṣí ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kan géérégé, mo fi tọ́ọ̀ṣì kàn án. Nígbà tí mo yí i padà lórí sikánà, ojú sánmà tó jẹ́ búlúù ti di àwọ̀ bàbà, òjìji sì di àwọ̀ ewé tó jinlẹ̀, bí omi tó ti pẹ́ lójú kan. Ó lẹ́wà. Ṣùgbọ́n ìlà kò mú ṣáṣá bíi ti dúdú-àti-funfun, mo sì padà sídìí èyí tí mo mọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rẹ́ mi kan, ẹni tó ti dàgbà nínú iṣẹ́ yìí jù mí lọ, pè mí pé bébà Type 55 mẹ́rin wà nínú fìríìjì òun. Bí ẹni tó bá fẹ́ràn nẹ́gátíìfù bá gbọ́ orúkọ yẹn, ara rẹ̀ á yá. Polaroid gbé e jáde lọ́dún 1961, wọ́n dá a dúró lọ́dún 2008, nínú fíìmù bẹ́ẹ̀ ẹ lè rí bébà àwòrán, kí ẹ sì tún rí nẹ́gátíìfù gidi, èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, tó tóbi tó ínǹṣì mẹ́rin sí márùn-ún, tó mú ṣáṣá débi tí a lè tẹ àwòrán ńlá lára rẹ̀. Ansel Adams, tó ti ń gba Polaroid nímọ̀ràn láti ìbẹ̀rẹ̀, lò ó fún iṣẹ́ gidi. Lẹ́yìn tí wọ́n dá a dúró, àwọn kan ní Amẹ́ríkà gbìyànjú láti jí i dìde pẹ̀lú orúkọ New55. Wọ́n ṣe é débi tí agbára wọn mọ, kí àwọn náà tó kógbá wọlé.

"Má fi ṣe eré o," ni ọ̀rẹ́ mi sọ nígbà tó ń gbé e fún mi.

"Mi ò ní fi ṣeré, bọ̀dá mi. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ṣí i kó tó jinná."

Wọ́n wò mí títí. "Ó dáa. Jẹ́ kí n rí i tó bá yọ."

Bébà àkọ́kọ́ kò yọ. Ọjọ́ ti lọ lórí oògùn inú àpò rẹ̀, ó ti gan, ó tàn dé ìlàjì ó dúró. Èkejì bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta, oògùn kan ṣoṣo tó jáde lára rẹ̀ kò tó ìka méjì. Mo jókòó sílẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá náà fún ìgbà díẹ̀. Kò sí ẹni tí mo lè bínú sí, ó kàn ti pẹ́ jù ni. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo fi bébà kẹrin sáàárín ọwọ́ mi méjèèjì kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ wọn lé aṣọ dúdú, kí wọ́n má fi ṣe nǹkan kan, kí wọ́n kàn gbé e lé e.

Ìṣẹ́jú àáyá 20 ni Type 55 ń fẹ́. Mo fà á láìdúró, ọwọ́ kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì gbọ́ ọ bí oògùn ṣe ń tàn lábẹ́ róólà, ó ń dún bí ẹsẹ̀ lórí iyanrìn tó tutù. Mo ṣí i ní 11. Tọ́ọ̀ṣì, ìṣẹ́jú àáyá kan. Òkùnkùn. Mo kà dé 20, mo sì fi í sínú sodium sulfite, ìdá 18 nínú 100, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é látijọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń parí: sulfite náà ń fọ oògùn tó kù kúrò, ohun tó bá ti yọ nìyẹn. N kò tètè tan iná. Mo dúró níbẹ̀, mò ń mi àwo náà láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, mò ń gbọ́ bí omi ṣe ń lu etí rẹ̀.

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀. Ìlà yí ìka kọ̀ọ̀kan ká, ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti FP-3000B lọ, ó sì dúró ṣinṣin. Níbi tí àtàǹpàkò ti gun orí ìka ìfábẹ̀lá, ìlà méjì pàdé, wọn kò kọjá ara wọn. Ọ̀kan dúró kí èkejì lè kọjá. Gbogbo ìhunjọ awọ oríkèé ìka ló hàn. Ní etí bébà, níbi tí oògùn kò dé dọ́gba, ìmọ́lẹ̀ kejì ti ya ìgbì kékeré sí i, bí etí omi.

Mo gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n mi láàárọ̀. Wọ́n gbé e sí ojú fèrèsé, wọ́n gbé ọwọ́ tiwọn lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ṣé ọwọ́ mi rèé?"

"Ọwọ́ yín ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó dà bíi ti ìyá wa." Wọ́n dákẹ́. Ọwọ́ wọn ṣì wà lójú gíláàsì. "Ìlà yìí ńkọ́? Ibo ló ti wá?"

Mo sọ fún wọn nípa ilẹ̀kùn. Wọn kò rántí rẹ̀ mọ́, ìgbà tó ti pẹ́. Mo wá mú àwòrán àkọ́kọ́ yẹn wá, wọ́n gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín pé àwọn rò pé mo bínú lọ́jọ́ náà.

Bébà kan ló kù nínú páálí FP-3000B tí mo ti ṣí. Mo ti ń fi tọ́ọ̀ṣì ṣe é látọjọ́ yìí, mo sì mọ̀ ọ́n lò, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, ó rọra nípọn ní apá òsì ju ti ọ̀tún lọ, tọ́ọ̀ṣì mi kò sì tíì rí i ṣe. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé mo fẹ́ ya ojú wọn lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́sàn-án, lẹ́yìn náà kí wọ́n wá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Tí mo bá wá dúró ńkọ́?"

"Màá máa kà sókè kí ẹ lè gbọ́. Ẹ kàn ṣí i, kí ẹ sì tún tì í."

Wọ́n fi ọwọ́ kan yẹtí wọn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe kí wọ́n tó jókòó fún mi. "Tó o bá kà dé mélòó?"

"Méje," ni mo wí.